Ultras: ṣé irú ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn yìí bá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu?

Ní ọ̀pọ̀ pápá ìṣeré ní Ítálì àti Jámánì, ẹ ó rí ọkùnrin kan lórí pèpéle kékeré lẹ́yìn gòólù tó kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá. Èrò ló kọjú sí, gbohùngbohùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń lé orin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbè é. Eré á bẹ̀rẹ̀, eré á parí, ó sì ṣeé ṣe kí ó má fi ojú ara rẹ̀ rí ẹyọ gòólù kan nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbá wọlé. Kápò ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń gbè é lórin ni à ń pè ní ultras.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da àwọn ultras pọ̀ mọ́ jàǹdùkú tó ń torí bọ́ọ̀lù ja ìjà ìgboro, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an. Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní olórí, wọ́n ní ojú kan pàtó tí wọ́n ń dúró sí, wọ́n sì ń pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ kí ọjọ́ eré tó pé. Wọ́n á dá owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n á ra aṣọ àti ọ̀dà, wọ́n á wọ inú ilé ìkẹ́rùsí kan lọ, wọ́n á fi òru ya àwòrán tó lè bo gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn gòólù. Àwòrán ńlá yìí ni tífò. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló máa wà lókè kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n á sì ká a.

Ẹgbẹ́ Fossa dei Leoni, ti àwọn alátìlẹ́yìn AC Milan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, ni ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ ní Ítálì. Kó tó dìgbà náà, ní ọdún 1950, àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hajduk ní ìlú Split, ní Croatia, ti dá ẹgbẹ́ Torcida sílẹ̀ lẹ́yìn tí òkìkí àwọn òǹwòran Brazil níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún náà kàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ọ̀dọ́ Ítálì ìgbà náà ń wo àwọn èrò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kọ́ orin wọn, wọ́n ń wé ìborùn bíi tiwọn. Ohun tí wọ́n wá fi kún un ni ìṣètò: olórí, ìlù, asíá, àti òfin.

Òfin wọn le. Asíá ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n ń so mọ́ irin níwájú ibi tí wọ́n dúró sí, dà bí ọlá ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ọ̀tá bá rí i gbà lọ́wọ́ wọn, àṣà wọn ni pé kí wọ́n tú ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti wà. Òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra wọ́n. Owó àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ sí nínú ọ̀dà tífò, nítorí pé lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ṣe ohun tí kò dára, ara aṣọ yẹn náà ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pa òfin kejì yìí mọ́ o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá Ítálì mú àwọn olórí ultras Inter àti ti AC Milan lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ti sọ tíkẹ́ẹ̀tì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí pápá San Siro di òwò ìpáǹle. Ìwà ipá náà wà níbẹ̀: ní Catania, ní oṣù kejì ọdún 2007, ọlọ́pàá kan kú nínú rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òde pápá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣà yìí gbọ́dọ̀ mọ apá yìí kó tó lanu.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orin kì í ní olórí. Ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ á ju ìlà orin kan sílẹ̀ lẹ́yìn gòólù. Bí ó bá dùn, àwọn tó yí i ká á gbà á, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, gbogbo igun náà á ti máa kọ ọ́. Bí kò bá dùn, á kú sí i lẹ́nu. Orin náà sì ń tẹ̀lé eré. Bí eré bá tutù, pápá á tutù. Bí wọ́n bá rí kọ́nà gbà, ariwo á dìde. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá sáré yọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tó gbójú sókè tó ń wá ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù fún, ẹ ó gbọ́ bí èrò ṣe ń fa èémí pọ̀, kó tó gbá a rárá. Àwa tí à ń wo Premier League nínú ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ ohùn yẹn dáadáa; ẹni tó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ á ti gbọ́ lára rẹ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ti àwọn ultras kò rí bẹ́ẹ̀. Orin wọn kì í dá, yálà wọ́n ń borí ni tàbí wọ́n ń nà wọ́n ní márùn-ún sí òdo. A mọ irú èyí náà nílé: ẹ rántí fèrè àti ìlù àwọn alátìlẹ́yìn Super Eagles. Ó dùn. Àmọ́ ó máa ń bo ohùn eré mọ́lẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ohùn yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ èrò, ìkùnsínú wọn, ariwo òjijì wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìdáhùn mi ni pé rárá, ultras kò bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀, nítorí àyè tí orin aláìlólórí yẹn ti ń jáde kò sí mọ́.

Ẹ wo Kop ní Anfield, pápá Liverpool, òkè ẹ̀yìn gòólù tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1906, tí wọ́n sì fi orúkọ òkè kan ní South Africa tí wọ́n ti jagun ní ọdún 1900 pè. Nígbà tó kún jù, ó tó ènìyàn 28,000 tó ń dúró síbẹ̀. Owó ni wọ́n ń san lẹ́nu géètì, tí oníkálùkù á sì lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á bọ́ sáàárín àwọn àgbà tó mọ orin, á kọ́ ọ, lọ́jọ́ kan òun náà á lé tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Ìdúró pọ̀ yẹn gan-an ni ìṣètò.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough ní Sheffield, wọ́n jẹ́ kí èrò pọ̀ jù nínú ọgbà onírin tó wà lẹ́yìn gòólù. Alátìlẹ́yìn Liverpool 97 ló kú nítorí ìfúnpọ̀ ọjọ́ náà. Adájọ́ Taylor tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé àìlèdarí èrò láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni olórí ohun tó fà á, ní ọdún 2016 àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú wọn sì sọ pé àwọn òǹwòran kò jẹ̀bi rárá. Síbẹ̀, ìdúró ni wọ́n mú kúrò. Nígbà tó fi di ọdún 1994, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti gbọ́dọ̀ fi àga sí gbogbo pápá wọn. Mi ò lè bínú sí ẹni tó bá sọ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Pápá gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń darí wá sílé láàyè.

Ṣùgbọ́n àga tú ènìyàn ká. Tíkẹ́ẹ̀tì ti ní nọ́ńbà báyìí. Ibi tí kọ̀ǹpútà bá fi ọ́ sí ni wàá jókòó, ọ̀rẹ́ rẹ á wà ní òdìkejì, ẹni tí ẹ jọ jókòó á sì lè jẹ́ àlejò tó wá ya fọ́tò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì gòkè, àwọn ọ̀dọ́ kò rí i rà. Àwọn tó ra ìjókòó ọlọ́dọọdún lẹ́yìn gòólù nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ogún ọdún ṣì wà lórí àga kan náà, wọ́n ti di àgbà, ohùn wọn ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ jọ sí ojú kan lónìí ní láti ṣètò rẹ̀, kó bá àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kó ní orúkọ tí wọ́n á fi pè é. Ìdí tí irú ẹgbẹ́ yìí fi yọjú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: Red Faction ní Middlesbrough, Union FS ní Leicester, Ashburton Army ní Arsenal.

Èyí tó pẹ́ jù tó sì lókìkí jù nínú wọn ni Holmesdale Fanatics ti Crystal Palace ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń lu ìlù, kò sì sí sáà tí àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Palace fúnra wọn kì í ráhùn pé ìlù yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà àga náà kàn wọ́n nígbà kan: àárín gbùngbùn ẹ̀yìn gòólù ni wọ́n fẹ́, àga ibẹ̀ sì ti ní olúwa.

Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Palace pàdé Manchester City ní Wembley nínú àṣekágbá FA Cup. Àwọn Holmesdale Fanatics ta tífò kan sókè lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹyẹ idì tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ náà. Bàbá kan ni, tó di àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì mọ́ra, tí wọ́n ń yọ̀ nítorí gòólù kan tí Palace gbá wọlé ní Old Trafford ní ọdún 2011. Bàbá náà ti kú kí ọjọ́ Wembley tó dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Palace gba ife náà pẹ̀lú gòólù kan sí òdo, ife ńlá àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Kò sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà tó lè ronú kan irú àwòrán yẹn. Àwọn tó jọ ń dúró lẹ́yìn gòólù ló mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n rántí.

Ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, Clapton Ultras fi apá mìíràn hàn wá. Ẹgbẹ́ kékeré ni Clapton, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nínú ètò líìgì, níbi tí ìdúró kò ti di èèwọ̀ tí tíkẹ́ẹ̀tì kò sì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ wá ń kọrin níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn àti ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ kò wọ̀ mọ́, wọn ò wọ pápá mọ́, àwọn alátìlẹ́yìn sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 2018, Clapton Community, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ ni. Ibi tí àyè bá wà tí owó kò sì pọ̀, àṣà náà ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀.

Iná aláwọ̀ tó ń rú èéfín ni mo kọ̀ pátápátá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un wọ pápá, ẹni tí wọ́n bá sì mú lè má fojú kan pápá fún ọdún 3 títí dé 10. Ní Cardiff, ní Wales tó múlé gbè wọ́n, irú iná bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan yìn láàárín èrò pa òǹwòran ẹni ọdún 67 ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Ẹwà èéfín kò tó ẹ̀mí ènìyàn kan.

Ní ti ìṣètò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé òun lè ṣe é lọ́nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, Liverpool ń fi gòólù méjì na Sunderland. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ti kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì kan máa di £77 ní sáà tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn méjì, Spirit of Shankly àti Spion Kop 1906, ní kí èrò dìde ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin. Nígbà tó pé, nǹkan bí 10,000 ènìyàn bọ́ síta, àga ṣófo lọ rẹrẹẹrẹ. Sunderland gbá méjì wọlé, eré parí sí ọ̀mì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn olówó tọrọ àforíjì, wọ́n sì fa ọwọ́ owó náà sẹ́yìn. Kò sí kápò níbẹ̀, kò sí ìlù. Àwọn ènìyàn tó mọ ara wọn, tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn lágbọ̀ọ́yé, ló wà níbẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2022 sí 2023, ìjọba ti gbà kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní apá ibi tí ènìyàn ti lè dúró, pẹ̀lú irin níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan kí èrò má baà ya lu ara wọn. Ìdí tí a fi kọ ìdúró ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù: kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn gòólù tí àwọn ọ̀rẹ́ lè jọ ra, ní iye tí ọmọ ọdún méjìdínlógún lè san, kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi asíá ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ sórí àga, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó dúró síbẹ̀ fúnra wọn pinnu ohun tí wọ́n máa kọ sára aṣọ wọn, títí kan ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kò ní fẹ́ kà.