Knock sensor inú Toyota V6: ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju iṣẹ́ ibẹ̀ lọ

Ẹ́ńjìnnì kan náà, 1MZ-FE onílítà mẹ́ta, ló wà nínú Sienna ọdún 1998 sí 2003 àti Lexus RX300 ọdún 1999 sí 2003, àwọn ọkọ̀ tí tókúnbọ̀ wọn pọ̀ nígboro wa. Písítìnnì mẹ́fà ló ní: mẹ́ta níwájú lọ́dọ̀ radiétọ̀, mẹ́ta lẹ́yìn lápá dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní knock sensor tirẹ̀, àmọ́ kòtò àárín ìlà méjèèjì ni wọ́n rì wọ́n sí, lábẹ́ manifold tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Béèyàn ṣí bọ̀nẹ́ẹ̀tì, kò ní rí wọn.

Etí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n. Bí epo bá ń bú nínú ẹ́ńjìnnì dípò kó jó wọ́ọ́rọ́, irin á gbọ̀n, sensor á gbọ́, brain box á sì mú kí pláọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣáná. Tí sensor bá kú, brain box á kúkú fi ìṣáná sẹ́yìn láìdá a padà, kí ẹ́ńjìnnì má baà fọ́. Ọkọ̀ á wúwo, á máa mu epo, iná check engine á tàn, kóòdù á sì wọlé: P0325 fún ìlà ẹ̀yìn, P0330 fún ti iwájú. Lára RX300, jíà kẹrin gan-an kì í wọlé mọ́. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò, torí àwọn kan á ti sáré lọ Ládìípọ̀ lọ ra jíà tókúnbọ̀, kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n ka kóòdù.

Kí àwọn mẹ́káníìkì tó dé ìdí sensor, wọ́n á kọ́kọ́ tú bátìrì, wọ́n á fa omi radiétọ̀, torí róbà omi wọ inú throttle body, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ manifold. Throttle body àti manifold òkè á kúrò, lẹ́yìn náà páìpù epo, kó tó kan manifold ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó gbé èyí, ó yẹ kí wọ́n fẹ́ iyanrìn ojú ẹ̀ dànù, nítorí ihò mẹ́fà tó lọ tààrà sínú ẹ́ńjìnnì ló máa là sílẹ̀. Aṣọ tó mọ́ ni wọ́n ń fi dí wọn lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan tó bá já síbẹ̀ ti di ọ̀ràn mìíràn.

Wáyà tó lọ sí ara sensor ti jẹ ooru fún ogún ọdún. Orí oníke rẹ̀ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n pààrọ̀ òun náà, kí wọ́n pààrọ̀ sensor méjèèjì, gásíkẹ́ẹ̀tì gbogbo, àti pláọ̀gì mẹ́ta ẹ̀yìn tí ọwọ́ kì í tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń ṣọ́ owó, tó pààrọ̀ ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kó tún san owó iṣẹ́ kan náà láìpẹ́.

Ara irin gan-an ni sensor gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, láìsí gọ́ọ̀mù kankan lábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n fi sípánà oníwọ̀n dè é ní 39 Nm. Ti manifold ìsàlẹ̀ ò ju 15 Nm lọ, láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àṣejù níbẹ̀ á já okùn (thread) ihò náà.

Àwọn ríwáyà kan máa ń so wáyà méjèèjì pọ̀ mọ́ sensor kan tó ṣì dára. Iná check engine á kú lóòótọ́, àmọ́ ìlà kan ti di adití nìyẹn.

Bí wọ́n bá tò ó tán tí ẹ́ńjìnnì ń súfèé, gásíkẹ́ẹ̀tì ò jókòó dáadáa. Bí kóòdù bá tún yọjú, wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n kí wọ́n tó tún ra sensor.