Tí Ẹni Yín Bá Jò Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Àpòlúkù

Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 130 kó tó wọ tíátà ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ àpòlúkù tó ń dín sísanra kù lè wà ní kílò 95 kó tó pé ọdún kan. Ohun tí iṣẹ́ abẹ náà wà fún gan-an nìyẹn. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò. Nínú bypass, wọ́n ń ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè rẹ̀, tó ń gba bíi 30 mílílítà, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì, wọ́n á wá so ìfun mọ́ ọn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara ń yára jò jù, ó sì lè máa jò lọ títí di oṣù 12 sí 18.

Ṣùgbọ́n ẹbí kì í wo òṣùwọ̀n, ojú ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọlé, egungun ọrùn á yọ. Tí ìyá tó wà ní Ìbàdàn bá rí ọmọ rẹ̀ tó wà ní London báyìí lórí WhatsApp, àrùn tí a kì í dárúkọ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. “Ṣé kò sí o? O ti gbẹ bíi panla!” Tó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ á máa wo ọkọ níwòkuwò pé kò tọ́jú ọmọ àwọn. A ò lè bú wọn, torí lọ́dọ̀ wa, àìsàn ló sábà máa ń jẹ́ kí èèyàn jò lójijì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé jíjò tí wọ́n ń ṣọ́ kò léwu, wọn kì í sì í ka ohun tó léwu sí.

Ìdí oúnjẹ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, olómi nìkan ni fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná fún méjì tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ ilé, àmọ́ nínú abọ́ kékeré, díẹ̀díẹ̀, láìmu omi sí i. Kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mumi. Iyán, ẹ̀bà àti fùfú ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí a kì í rún òkèlè, gbígbé mì ni. Ọ̀nà àpòlúkù tuntun ti há. Òkèlè á há síbẹ̀, àyà á máa dùn ún, itọ́ á kún ẹnu, á sì bì. Búrẹ́dì rírọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ògì tí wọ́n da ṣúgà sí àti mọ́ọ̀tì ní wàhálà tiwọn, pàápàá fún ẹni tó ṣe bypass. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àyà á máa lù kìkìkì, òógùn á bò ó, inú á máa run ún, ó sì lè ṣu gbuuru. Màmá á ní, “Ẹ ò rí i pé ara ẹ̀ ò yá?”, á tún bu òmíràn.

Ẹ má sọ fún màmá pé kó má fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Kò ní gbọ́. Ẹ fún un níṣẹ́. Púrótíìnì gíráàmù 60 sí 80 ni ara nílò lóòjọ́, ẹyin kan kò sì ní ju bíi 6 lọ nínú rẹ̀. Kó se mọ́ínmọ́ín kéékèèké tó rọ̀, tó lẹ́ja àti ẹyin nínú. Kó lọ ẹran sínú ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Ẹja ni kó kọ́kọ́ jẹ, kó tó kan ẹ̀fọ́. Àyè tó bá ṣẹ́kù ni ti òkèlè.

Èébì gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́. Kéèyàn bì lẹ́ẹ̀kan torí pé ó sáré jẹun, kò tó nǹkan. Àmọ́ tó bá ń bì fún ọjọ́ méjì, tí omi pàápàá kò dúró, ilé ìwòsàn ló kàn, torí fítámì B1 tó wà lára lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Tó bá wá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ọpọlọ ló ti kàn yẹn, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, kí wọ́n fún un ní B1 kó tó gba dírípù onísúgà, torí ṣúgà yẹn lè jẹ B1 ìwọ̀nba tó kù tán. Inú rírun kíkankíkan pẹ̀lú ibà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí ìgbẹ́ dúdú nígbàkígbà, pàjáwìrì ni àwọn náà.

Irun tó ń já ní oṣù kẹta sí ìkẹfà ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó máa ń hù padà tí púrótíìnì àti èròjà iron bá pé lára.

Ìyá ọkọ tó ti ń retí ọmọ-ọmọ á ní láti mú sùúrù, torí àwọn dókítà fẹ́ kí obìnrin dúró fún oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà kó tó lóyún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara tó jò tètè máa ń lóyún, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníkóró sì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn bypass. Àwọn tọkọtaya náà, ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ní Sweden fi hàn pé lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí ìpínyà pọ̀ sí i láàárín tọkọtaya, àwọn tó wà láàyè ara wọn náà sì ń rí ẹni fẹ́ sí i. Lójú tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ yí padà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, á máa gba ìyìn níta, ẹnì kejì á sì máa wò ó pé ṣé ó ṣì nílò òun.

Kò pọn dandan kí gbogbo ẹbí mọ̀. Ẹni tó ń dáná nílé àti ẹnì kan tí àwọn àgbà ń gbọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Fún àwọn yòókù, èyí tó: “Dókítà ló ń bá mi dín ìwọ̀n mi kù, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò déédéé.”

Tó bá ń bọ̀ wálé fún ọdún, kó gba abẹ́rẹ́ fítámì B12 tí wọ́n ń gún lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó sì mú lẹ́tà dókítà dání, tí irú iṣẹ́ abẹ náà, ọjọ́ tó ṣe é àti oògùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ọ, paracetamol ni kí ẹ rà fún un. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì lè dá egbò sí àpòlúkù tó kù.