Kóòṣì tuntun: ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ọmọ tó farapa

Bí sáà líìgì bá ti ń parí lọ báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Físíò ni mí, èmi ni mò ń tọ́jú agbábọ́ọ̀lù tó bá farapa. "Físíò, ẹ bá wa yẹ kóòṣì kan tí a fẹ́ gbà wò." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa ọkùnrin náà, wọ́n á ní ó mọ̀rọ̀ sọ, ó gba bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà tirẹ̀, kọmíṣánnà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á tó jẹ́wọ́ pé àwọn ti sanwó àkọ́kọ́ fún un lánàá. Kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀?

Mo wá kọ èyí fún ẹ̀yin tí owó yín ṣì wà lápò.

Mi ò ní fi ìwé ẹ̀rí fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, kóòṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́nsì A, ìyẹn ò gba àlàyé. Bí ó ṣe ń to àwọn ọmọ sórí pápá, bóyá 4-3-3 ló fẹ́ràn tàbí 3-5-2, ẹ bi àwọn tó ń wo Premier League ní ilé bíà, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí èmi ń wò lára kóòṣì ni ohun tó ń ṣe sí ọmọ tó farapa. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí sùúrù rẹ̀, tí ẹ máa rí làákàyè rẹ̀, tí ẹ máa mọ̀ bóyá ó lè gbọ́rọ̀ sí ẹni tó mọ ohun tí òun ò mọ̀ lẹ́nu, àti bóyá ó lè dúró níwájú alága tó ń pariwo.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣan ẹ̀yìn itan, hamstring lẹ́nu àwọn agbábọ́ọ̀lù. Iṣan mẹ́ta ni. Òkè wọn so mọ́ egungun ìdí tí a fi ń jókòó, ìsàlẹ̀ wọn kọjá ẹ̀yìn orúnkún. Tí ènìyàn bá ń sáré àsápajúdé, àwọn ló máa ń fa ẹsẹ̀ tó ń fò lọ síwájú sẹ́yìn kó tó balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n nà jù lọ gan-an ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń ya. Láti ọdún 2001 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jan Ekstrand, ará Sweden, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́pa ìfarapa nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, iṣan yìí ló fa 12 nínú gbogbo ìfarapa 100. Ní sáà 2021/22, ó ti di 24. Àwọn yẹn ní ọkọ̀ òfuurufú o, wọ́n ní ìwẹ̀ oníyìnyín, wọ́n ní ẹni tó ń ṣètò oúnjẹ fún wọn. Àwa ńkọ́, tí à ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn títí dé Maiduguri? A ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tán, kóòṣì kan á ti ní kí àwọn ọmọ sá eré yí pápá ká kí ara wọn lè tú. Ara tí orúnkún rẹ̀ ti ká láti àná! Ara náà á tú lóòótọ́.

Ohun tó ń dáàbò bo iṣan yìí ò náni ní kọ́bọ̀. Ọmọ á kúnlẹ̀, ẹnìkejì á di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, ọmọ náà á wá máa dẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, láìká ìdí, títí apá á fi gbà á sílẹ̀. Nordic ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe é déédéé, ìyà iṣan yìí á dín kù tó ìdajì. Ẹ má sì sọ fún mi pé ti òyìnbó nìyẹn. FIFA 11+, ètò ìnàra tí Nordic wà nínú rẹ̀, wọ́n ti dán an wò ní Èkó níbí, nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́, láàrin ẹgbẹ́ 20. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014: ìfarapa fi 41 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Àwọn ọmọ wa ni, orí pápá wa sì ni. Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá kóòṣì lẹ́nu wò, ẹ ní kó ṣe Nordic kí ẹ rí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ayò tó gbá wọlé nígbà èwe rẹ̀.

Ekstrand kan náà yìí bi àwọn dókítà ẹgbẹ́ 36 ní orílẹ̀-èdè 17 léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sí láàrin àwọn àti kóòṣì. Ibi tí wọn ò ti gbọ́ra wọn yé, ìyà ìfarapa pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó sì wà nílẹ̀ fún ìgbaradì kéré. Èmi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan jókòó kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wo ìparí ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan lọ́dún 2024 ò ní gbàgbé Sébastien Haller, agbábọ́ọ̀lù Ivory Coast. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ivory Coast ń fìyà jẹ ara wọn, Equatorial Guinea na wọ́n ní 4-0 níwájú àwọn èèyàn wọn, síbẹ̀ Haller ò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n lé kóòṣì wọn, Jean-Louis Gasset, wọ́n gbé Emerse Faé, igbákejì rẹ̀, sí ipò. Nígbà tí ẹsẹ̀ jinná, Haller gbá ayò kan ṣoṣo tó gbé wọn kọjá Kóńgò, ó tún gbá èyí tó fi gba ife mọ́ wa lọ́wọ́. Ó dùn mí bí ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bí físíò, mo pàtẹ́wọ́.

Tiwa ńkọ́? Tiwa ni pé wòlíì ní ìràwọ̀ kóòṣì ò bá ti pápá mu. Tiwa ni pé wọ́n ń da nǹkan sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra, tí àwọn ọmọ á wá máa gba ojú fèrèsé wọlé, tí ọ̀kan á sì fi ibẹ̀ yẹ́sẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni bàbá afọwọ́ra, tó ń fi òrí gbígbóná àti àbọ́níkì ra iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lábẹ́ awọ níbẹ̀. Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ á tún jẹ́ kó dà sí i ni. Bí kóòṣì bá mú irú bàbá bẹ́ẹ̀ dání, ẹnu géètì ni kí ẹ ti dá a padà.

Ọmọ kan wà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Apá òsì ló ń gbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá gan-an. Ọjọ́rú ni iṣan yìí ya lára rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ibẹ̀, mo sọ fún kóòṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé pé ó kéré tán, ọmọ yìí ò gbọdọ̀ sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní físíò ló ń ba àwọn ọmọ jẹ́, pé nígbà tòun, omi gbígbóná làwọn fi ń jó o. Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ tí a kì í fẹ́ kó nà wá ló ń bọ̀. Lálẹ́ Sátidé, bàbá afọwọ́ra dé hòtẹ́ẹ̀lì. Láàárọ̀, ẹnìkan tí kò tíì jẹ́wọ́ títí dòní gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ apàrora. Ó wá bá mi, ó ń fò sókè: "Dókítà, ẹ wò ó, kò dùn mí mọ́!" Báwo ló ṣe máa dùn ún? Wọ́n ti pa ohun tó ń kìlọ̀ fún un.

Wọ́n gbé e wọlé lẹ́yìn ìsinmi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sẹ́yìn àwọn adènà, ó gbá tẹ̀ lé e. Kò tíì lé e bá tó fi dúró, tó fọwọ́ di ìdí mú, tó wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù. Kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn rẹ̀. Iṣan ti já kúrò lára egungun. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ni ìyẹn ń fẹ́, ẹgbẹ́ ò sanwó rẹ̀. Kí sáà yẹn tó parí, ẹgbẹ́ mìíràn ti gba kóòṣì náà, wọ́n ní ó le, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ń wa Micra báyìí láàrin Ìwó Róòdù àti Ọ̀jọ́ọ̀. Kò lè fi ìdí méjèèjì jókòó pẹ́. Tawẹ́ẹ̀lì ló ká sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, tó bá sì dé páàkì, òun ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ṣáájú èrò.

Ẹ̀yin alága, ọwọ́ yín ò mọ́ nínú rẹ̀ o. Kóòṣì tó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè ò lè fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè yìí ló ṣe é fún Shuaibu Amodu, kóòṣì Super Eagles nígbà náà. Ó gbé wa dé ife àgbáyé ọdún 2002, wọ́n yọ ọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún gbé wa dé ti 2010, wọ́n tún yọ ọ́. Nínú ọdún méjèèjì náà, ó gba ipò kẹta fún wa ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n kó bọ̀ láti ife àgbáyé. Ẹ wá wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́: ipò kejì lọ́dún 2023, ipò kejì lọ́dún 2024, wọn ò lé kóòṣì wọn, Daniel Ogunmodede, wọ́n gba líìgì lọ́dún 2025.

Tí ọkùnrin náà bá jókòó síwájú yín, ẹ gba nọ́ńbà físíò tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pè é kí ẹ tó pe èjẹ́ǹtì. Tí kò bá rántí orúkọ físíò rẹ̀, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ. Tí ẹ bá rí físíò náà bá sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé nígbà tó bá ní ọmọ kan ò lè gbá, ta ló máa ń yí ìpinnu padà. Ẹ tún bi í pé ọmọ mélòó ló padà gbọgbẹ́ sí ojú kan náà kí oṣù méjì tó pé. Tí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wá kóòṣì mìíràn.