Aegina ló kọ́kọ́ lu owó fàdákà, kì í ṣe Athens

Tí ọ̀rọ̀ owó Gíríìsì àtijọ́ bá ti délẹ̀ báyìí, owó Athens tí òwìwí wà lára ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń gbé jáde, ó sì máa ń dùn mí, torí erékùṣù kékeré kan wà lójú omi tó kọjú sí Athens gangan, Aegina, àwọn yẹn ló kọ́kọ́ lu owó fàdákà nílẹ̀ Gíríìsì, ní nǹkan bí 550 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn ará Lydia ti ń lu owó ṣáájú wọn o, Herodotus, òpìtàn Gíríìsì àtijọ́, sọ bẹ́ẹ̀, n ò jiyàn, àmọ́ ilẹ̀ Tọ́kì òde òní nìyẹn.

Ephorus, òpìtàn Gíríìsì míì, ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀, Strabo tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé ló bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ní Aegina ni wọ́n ti kọ́kọ́ lu fàdákà, pé Pheidon ọba Argos ló ṣe é. Ṣé ẹ rí i, kí owó tó dé, irin gígùn tí wọ́n fi ń sun ẹran ni wọ́n ń ná níbẹ̀, mẹ́fà ló kún ọwọ́ kan. Orúkọ irin yẹn ni wọ́n fi pe owó obol, ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n fi pe owó drachma, ìdí nìyẹn tí obol mẹ́fà fi jẹ́ drachma kan. Wọ́n ní Pheidon kó àwọn irin àtijọ́ náà lọ sí ojúbọ òrìṣà Hera ní Argos, nígbà táwọn awalẹ̀pìtàn sì gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n bá odidi ìdì irin bẹ́ẹ̀, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù owó ní Athens di òní. Àwọn kan ní Pheidon ti kú tipẹ́ kí owó tó dé. Kó rí bẹ́ẹ̀, Aegina ṣì ni Aegina.

Wọn ò ní fàdákà nílẹ̀ tiwọn rárá, àfi òkúta. Òwò ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ dé Naukratis ní Íjíbítì, wọ́n tiẹ̀ kọ́ tẹ́ńpìlì òrìṣà Zeus tiwọn síbẹ̀, fàdákà wọn sì ń wá láti erékùṣù Siphnos. Èrò tèmi ni pé ìdí tí wọ́n fi ya ìjàpá òkun sára owó wọn nìyẹn, ẹran tó ń gbé ilé ẹ̀ káàkiri inú omi bí oníṣòwò. Àwọn tó ní ti òrìṣà Aphrodite ni, n ò rí ohun tí wọ́n rí.

Owó náà ki pọ́pọ́, ó tó gíráàmù 12. Wọ́n á gbẹ́ ìjàpá sára irin kan, wọ́n á gbé fàdákà lé e, wọ́n á fi irin míì tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n á wá fi òòlù lù ú, ìyẹn ló fà á tí ẹ̀yìn ẹ̀ fi jinnú. Darius ọba Páṣíà ri ọ̀kan mọ́ ìpìlẹ̀ ààfin ẹ̀ ní Persepolis, òwìwí kankan ò sí níbẹ̀.

Ìyókù ò pẹ́. Ní 483 ṣáájú ìbí Kristi, Athens rí fàdákà rẹpẹtẹ ní Laurion, ibi ìwakùsà wọn, Themistocles aṣáájú wọn ní kí wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun nítorí Aegina, wọ́n ṣẹ́gun ẹ̀, ní 431 wọ́n lé gbogbo ará ìlú jáde. Lysander, ọ̀gágun Sparta, dá wọn padà ní 405, wọ́n sì tún lu owó, àmọ́ ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà lára ẹ̀ nígbà yẹn.