Ìjàpá Ò Lè Kọ́ni ní Sùúrù: Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ̀kọ́ Ìkóra-ẹni-níjàánu Wá Sí Iléèwé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

PATHS jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé bó ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é nínú, kó kó ara rẹ̀ níjàánu, kó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé. Mark Greenberg àti Carol Kusché ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ adití ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi kọ́. Ìtàn ìjàpá wà nínú rẹ̀: bí inú bá bí ìjàpá, á kó sínú ìkarahun rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sọ ohun tó ń dùn ún, kó tó tún yọrí síta. Àwọn ọmọ náà á wá ṣe bíi tirẹ̀.

Ẹ gbé ìtàn yìí dé kíláàsì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, àwọn ọmọ á ti máa retí àrékérekè, torí ọkọ Yánníbo tí wọ́n mọ̀ nínú àlọ́ kì í ṣe onísùúrù. Tó bá kó sínú ìkarahun, wọ́n á ní ó ń sá fún ìyà tó tọ́ sí i ni.

Ìgbín ló yẹ níbẹ̀. Òun náà nílé tó ń kó sí, ẹ̀rọ̀ sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹranko la pààrọ̀. Ìgbésẹ̀ inú ìtàn ò gbọ́dọ̀ yẹ̀: dúró, mí kanlẹ̀, sọ ohun tó ń ṣe ọ́, ro ohun tó kàn. Ẹni tó bá kàn sọ John inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì di Àkànní, tó wá ní òun ti parí iṣẹ́, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù wà láàárín ọmọdé àti àgbà. Irú ètò báyìí sábà máa ń ní kí ọmọ wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kó sì sọ ọ́ fún un tààrà. Pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹni, kò burú. Pẹ̀lú àgbà nílùú Ọ̀yọ́, àfojúdi ni. A ò ní torí ìyẹn yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan ń bá àǹtí rẹ̀ tajà lọ́jà Akẹ́sàn, àǹtí sì ní ó mú ṣéńjì. Nínú eré tí wọ́n á ṣe ní kíláàsì, ọmọ náà á kúnlẹ̀: “Ẹ má bínú, mà. Ó dùn mí pé ẹ ní mo mú owó yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà.” Bí àǹtí ò bá gbọ́, ọmọ á lọ bẹ màmá àgbà kó bá òun dá sí i. Ó kúnlẹ̀, àmọ́ ó sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àgbà ń fìyà jẹ ọmọ ní kọ̀rọ̀, kíákíá ni kó wá àgbà mìíràn tó fọkàn tán sọ fún. Ọ̀wọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ pa ọmọ lẹ́nu mọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹni tí kò rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ á yí ti Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mọ ohun tó sọnù lójú ọ̀nà. Wọ́n á dán an wò ní kíláàsì díẹ̀, wọ́n á sì ní kí àwọn ọmọ fẹnu ara wọn sọ ìtàn náà. Bí ọmọ bá ṣì ní ẹ̀rù ló ń ba ìgbín, ẹ tún ìtàn ṣe.

Àyẹ̀wò tí olùṣèwádìí Joseph Durlak àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011, lórí irú ètò báyìí 213 àti ọmọ tó lé ní 270,000, fi hàn pé olùkọ́ kíláàsì fúnra rẹ̀ lè ṣe é yọrí, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ máa ń dín kù níbi tí wọn ò bá ti tẹ̀ lé ètò bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ètò bá ní kí wọ́n kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí iléèwé má fi àkókò rẹ̀ ṣe àtúnyẹ̀wò ìdánwò.