Pẹ́láìtì nínú ògiri: ohun tó lè ṣe sí ooru àti ariwo

Òkúta dídán bíi dígí tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ jáde ni pẹ́láìtì. Erékùṣù Milos ní ilẹ̀ Gíríìsì wà lára ibi tí wọ́n ti ń wà á jù lọ. Omi díẹ̀ há sínú rẹ̀, bí ìdá 2 sí 5 nínú 100. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sáré yan án nínú iná tó tó 850 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkúta á rọ̀, omi inú rẹ̀ á di oru, á sì bẹ́ bíi gúgúrú: ó lè wú ní ìlọ́po 4 sí 20. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀, tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ kó tó rí iná, kì í sábà ju kìlógíráàmù 30 sí 150 lọ mọ́.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú ihò wínníwínní rẹ̀ ló ń dá ooru dúró. Tí omi bá gba ipò afẹ́fẹ́ yẹn, iṣẹ́ bàjẹ́, torí omi ń gbé ooru kọjá ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20. Nítorí náà, èyí tí wọ́n fi sílíkónì, èròjà tó ń lé omi, pa lára ni kí ẹ dà sínú ihò búlọ́ọ̀kù. Ẹ kọ́kọ́ dí gbogbo ojú ibi tí páìpù àti wáyà gbà; ihò kékeré kan tó láti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi igi kì í mọ́lẹ̀, ẹ sì bo orí ògiri kí òjò tó dé.

Fún kọnkéré orí dẹ́kìn, sìmẹ́ǹtì 1 sí pẹ́láìtì 6 dára. Tó bá gbẹ, kúbíìkì mítà kan á tó kìlógíráàmù 430. Kò lè gbé ilé ró o. Omi àti sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ pò, pẹ́láìtì kẹ́yìn. Gbàrà tó bá ti rin kárí, ẹ dúró: bí ẹ̀rọ bá ń yí i lọ, hóró rẹ̀ á rún, àpòpọ̀ náà á sì máa lọ sílẹ̀ lójú yín. Ó ń mu omi púpọ̀, ó sì ń pẹ́ gbẹ. Ẹni tó bá kánjú tẹ́ rọ́bà tó ń dí omi lé e lórí á rí i tí rọ́bà náà ń wú.

Ti ariwo ni àwọn tó ń tà á máa ń sọ àsọdùn sí. Ìwúwo ló ń dá ariwo jẹnẹrétọ̀ dúró, pẹ́láìtì kò sì wúwo. Ó lè dín ìró tó ń dún nínú ihò búlọ́ọ̀kù kù, ṣùgbọ́n bí abẹ́ ilẹ̀kùn bá là sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni tó ń dà á fi nǹkan bo imú àti ojú.