Kí Ẹ Tó Gbé Férémù Kẹ̀kẹ́ Bàbá Yín Lọ Bá Wẹ́dà

Ó ti sú mi kí àwọn ènìyàn máa gbé férémù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí àtúnṣe ti bà á jẹ́ ju ìjàǹbá tí ó kọ́kọ́ ṣe é lọ. Raleigh tí bàbá àgbà gùn lọ sí oko ni yóò jẹ́, wọn yóò ti fi pọ́tì dí ibi tí ó sán, wọn yóò ti kùn ún ní ọ̀dà dúdú, wọn yóò wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ọdún wo ni wọ́n ṣe é?" Èmi kì í ṣe babaláwo.

Nọ́ńbà férémù, tí a fi ń wá ọdún rẹ̀, sábà máa ń wà níbi tí páìpù ìjókòó ti pàdé páìpù òkè, tàbí lábẹ́ ihò tí pẹ́dà ti ń yí. Kẹrosíìnì àti àkísà ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi ẹ̀rọ tí ń lọ irin kàn án. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, ẹ jẹ́ kí a tú ibi pẹ́dà, kí a sì ka eyín súkúrúù inú rẹ̀: ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní eyín 24 nínú íǹṣì kan, ṣùgbọ́n 26 ni Raleigh ní Nottingham máa ń lò láyé àtijọ́, ẹ̀rí tí pọ́tì kò lè bò nìyẹn. Ọdún tí a tẹ̀ sára họ́ọ̀bù Sturmey-Archer, irin àárín wíìlì ẹ̀yìn tí jíà wà nínú rẹ̀, wúlò, àmọ́ ọjọ́ orí họ́ọ̀bù ni, nítorí pé a lè ti pààrọ̀ wíìlì ẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ tí ń fà sí òsì kò ní ọ̀tá nínú ẹbí yín. Oníbàárà kan ti pa ajá fún Ògún kí ó tó gbé tirẹ̀ wá. Mo bọ̀wọ̀ fún Ògún, ṣùgbọ́n òwú ni férémù náà ń fẹ́. Ẹ so òwú mọ́ ibi tí áàsì ẹ̀yìn ń wọ̀ ní apá kan, ẹ fà á yí ọrùn férémù ká, ẹ mú un padà dé apá kejì, kí ẹ wá fi rúlà wọn àyè tí ó wà láàárín òwú àti páìpù ìjókòó ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ̀yìn férémù ti wọ́.

Iná gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Nínú férémù wọ̀nyí, páìpù wọnú irin ìsopọ̀, idẹ tí a yọ́ ni a sì fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Idẹ yìí ń yọ́ ní nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irin kò sì ní yọ́ títí yóò fi kọjá 1,400. Àárín méjèèjì ni a ti ń ṣiṣẹ́ wa, ojú ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n, láti ara àwọ̀ irin náà. Wẹ́dà tí ń ṣe géètì kò ní ohun tí ó kàn án nínú èyí. Iná mànàmáná rẹ̀ gbóná ju 3,000 lọ, irin á yọ́, idẹ á sá wọ inú irin gbígbóná náà, á sì là á láti inú. Bí páìpù bá wá jẹ́ Reynolds 531, irin tí ó jáde ní 1935, ó tinrin débi pé iná náà lè lu ú jálẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ iye tí mo dá lé e, ó ní ti wẹ́dà kò tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n jó páìpù ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, wọ́n sì fi róòdù gbè é. Mo sọ fún un pé kí ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kí ó má gùn ún. Ibi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Aké ni páìpù ti já, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó, kì í ṣe lójú rẹ̀ gan-an, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí. Eyín méjì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wẹ́dà ní kí ó lọ ra róòdù tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo padà pààrọ̀ páìpù náà. Ẹni tí ó bá ní owó mi wọ́n, kí ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè iye tí dókítà eyín gbà.